Sàlísù àti Ọkọ̀ Abẹ́ Ìbora

Ní àdúgbò tí Sàlísù kọ́lé sí, lójú ọ̀nà Ìbẹ̀ṣẹ̀ n'Íkòròdú, ọkọ̀ rẹ̀ làwọn èèyàn fi ń júwe ilé. "Ẹ máa lọ títí ẹ ó fi rí mọ́tò aláwọ̀ aró kan tó ń dán," ni wọ́n máa ń wí, "ilé Bàbá Múnà nìyẹn." Kọ̀rólà ni ọkọ̀ náà. Kì í ṣe tuntun, tòkunbọ̀ ni, ó ti rìn káàkiri ìlú òyìnbó kó tó dọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtọ́jú tí Sàlísù ń fún un kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè mọ ọjọ́ orí rẹ̀.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni Sàlísù, láti agboolé àwọn tí baba ńlá wọn fi Ìsàlẹ̀ Èkó sílẹ̀ nígbà ogun, tí wọ́n wá tẹ̀dó sí etí ọ̀sà. Iṣẹ́ akọ̀wé ló gbé e wá sí Ìkòròdú. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń gba ẹrù jáde ní èbúté Àpápá ló ti ń ṣiṣẹ́, ọ̀nà rẹ̀ sì jìn. Bó bá ti kírun Àsùbáà tán ní mọ́sáláṣí ẹnu géètì ẹ̀sítéètì wọn, yóò nu ìrì kúrò lára díńgí ọkọ̀, yóò jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì móoru díẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò gbéra. Àwọn aládùúgbò tí wọ́n ń lọ sí apá ibẹ̀ máa ń bá a lọ. Adéòjó, òṣìṣẹ́ ìjọba tí ilé rẹ̀ kángun sí ti Sàlísù, ló máa ń jókòó síwájú. Sàlísù kì í fun fèrè láìnídìí. Ó ní fèrè ọkọ̀ dà bí ohùn ènìyàn, kò yẹ kéèyàn máa jágbe kiri àdúgbò ní òwúrọ̀ kùtù.

Ojú rẹ̀ kò dùn ún. Ohun tó tàn án jẹ nìyẹn. Bí aṣọ ìkélé tí wọ́n ń fà díẹ̀díẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, bẹ́ẹ̀ ni ayé ń sún kì lójú rẹ̀, tí kò sì fura. Ó fi díńgí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ gbá òpó géètì, ó ní mẹ́gáàdì ni kò ṣílẹ̀kùn tán. Ó tún gbá a lẹ́ẹ̀kejì, ó dákẹ́. Ìgbà tó di òwúrọ̀ ọjọ́ kan ní ibùdókọ̀ Benson, obìnrin kan tó ru búrẹ́dì ń sọdá bọ̀ láti ọwọ́ òsì. Àwọn tó wà nínú ọkọ̀ ni wọ́n pariwo. Sàlísù tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀. Búrẹ́dì tú ká sí títì, obìnrin náà bú u, ó ṣa búrẹ́dì rẹ̀, ó lọ. Kò sí ohun tó ṣe é.

Sàlísù yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó pa ẹ́ńjìnnì. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lórí sítíárìn.

"Adéòjó, wá gbà á."

"Ẹ̀rù ló bà yín, Bàbá Múnà. Ẹ jẹ́ ká sinmi díẹ̀, a ó máa lọ."

"Mi ò rí i," ni Sàlísù wí. "Kì í ṣe pé mi ò tètè rí i. Mi ò rí i rárá."

Ọjọ́ náà ló wa ọkọ̀ kẹ́yìn.

Dókítà ojú sọ fún un pé omi tó ń ru nínú ẹyinjú ló ti ń tẹ iṣan ojú pa láti ọjọ́ pípẹ́. Ó ní èyí tó ti lọ kò lè padà wá mọ́, èyí tó kù ni àwọn yóò máa fi oògùn ṣọ́. Mùlíkátù, ìyàwó Sàlísù, kọ́ bí wọ́n ṣe ń kán oògùn náà, a sì máa kán an tàárọ̀ talẹ́. Ṣùgbọ́n èyí tó kù pàápàá kò dúró. Nígbà tí Iléyá ọdún kejì fi máa dé, gbogbo ohun tí Sàlísù lè dá mọ̀ kò ju oòrùn àti òkùnkùn lọ. Àwọn ará ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wá kí i pẹ̀lú ẹ̀bùn ìfẹ̀yìntì, wọ́n ṣàdúrà, wọ́n lọ.

Munawwarah, tí wọ́n ń gé kúrú sí Múnà, ọmọ kan ṣoṣo tí òun àti Mùlíkátù bí, wà nílé ọkọ n'Ílọrin. Ó pè lórí fóònù.

"Dádì, ẹ jẹ́ ká ta mọ́tò yẹn. Kí lẹ tún fẹ́ fi ṣe?"

"Mo ṣì ń kán oògùn," ni Sàlísù dá a lóhùn.

Munawwarah kò sọ̀rọ̀ ọkọ̀ mọ́.

Ilé Sàlísù kò ní ibi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí lábẹ́ òrùlé. Ojúde ni ọkọ̀ ń dúró, oòrùn ń pa á, igi fúrúùtù ilé kejì ń gbọn ewé àti oje lé e lórí, àwọn ẹyẹ tó ń sùn lórí igi náà sì ń ṣe tiwọn. Nígbà tí ọkọ̀ ń rìn lójoojúmọ́, ìyẹn kò jẹ́ nǹkan kan, nítorí kò sí ọjọ́ tí Sàlísù kì í fọ̀ ọ́. Ọkọ̀ tó wà lójú kan ni ìyà ń jẹ. Ó ní kí Mùlíkátù bá òun ra aṣọ ìbora wá ní Benson.

Èyí tó ń dán bí fàdákà ni Mùlíkátù rà lọ́wọ́ àwọn tó ń pàtẹ lẹ́bàá títì. Ọ̀rá ni, ó fẹ́lẹ́. Ẹni tó tà á fún un ní omi kò lè wọ inú rẹ̀ láéláé. Kò purọ́. Ohun tí kò sọ ni pé omi tó bá ti wà nínú kò ní rọ́nà jáde.

Ẹni méjì ló ń fi ìbora bo ọkọ̀. Sàlísù a dúró níwájú, Mùlíkátù a dúró lẹ́yìn, wọn a jọ ta á sókè, wọn a fà á balẹ̀. "Ẹ fà á sọ́dọ̀ yín díẹ̀," ni Mùlíkátù máa ń wí. "Ó tó. Ẹ fi há abẹ́ ibẹ̀ yẹn." Lọ́sàn-án Jímọ̀, bí Sàlísù bá ti mọ́sáláṣí dé, wọn a ṣí i, Mùlíkátù a fọ ọkọ̀, a ṣáná sí i kí bátìrì má bàa kú, wọn a tún bò ó. Sàlísù fẹ́ràn ariwo ṣàkà-ṣàkà tí ọ̀rá náà ń pa. Ó ní ó ń jẹ́ kí òun mọ̀ pé ọkọ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, Mùlíkátù ní kó má jáde síbẹ̀ mọ́. Ó ní ewéedò ti hu sílẹ̀ níbẹ̀, ó ń yọ̀, òun nìkan á máa ṣe é. Sàlísù gbọ́ sí i lẹ́nu. Bí Mùlíkátù bá ti ìdí ọkọ̀ wọlé, Sàlísù a béèrè pé, "Ṣé ó dáa?" Òun náà a ní, "Ó dáa."

Ní ọjọ́ kan tí Mùlíkátù lọ síbi ìsọmọlórúkọ ní Ìbẹ̀ṣẹ̀, òjò dá, oòrùn sì mú. Sàlísù fọwọ́ tọ ògiri, ó tọ̀ ọ́ títí ó fi dé ìdí ọkọ̀. Ó gbé etí ìbora sókè. Ooru jáde sí i lójú, pẹ̀lú òórùn aṣọ tí kò gbẹ. Ó gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, ibi tó máa ń jọ̀lọ̀ bí ojú díńgí. Ọ̀dà ti lé ròrò. Ìléròrò kún ibẹ̀ bí ara ẹni tí omi gbígbóná dà lé. Ó fi èékánná kan ọ̀kan, ó ṣí kúrò bí èèpo ẹ̀pà. Ó nawọ́ kan orí ọkọ̀, bákan náà ló rí. Ó jókòó sílẹ̀, ó fẹ̀yìn ti táyà.

Ibẹ̀ ni Mùlíkátù bá a. Ó kàn dúró.

"Ìyá Múnà, ó ti tó ìgbà wo?"

"Láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀."

"O sì ń sọ pé ó dáa."

Mùlíkátù jókòó tì í lórí ilẹ̀ tútù náà. "Kí ni kí n sọ? Ojú yín ti lọ, iṣẹ́ yín ti lọ. Ẹ wá ní kí n máa wọlé wá sọ fún yín pé mọ́tò náà ti ń lọ?"

Sàlísù kò bínú. Ó kàn ń fi àtàǹpàkò ra ìka rẹ̀, níbi tí èèpo ọ̀dà náà lẹ̀ mọ́. Nígbà tó yá, ó ní, "Má fi nǹkan pa mọ́ fún mi mọ́. Ohun tí ẹ̀yin tẹ́ ẹ ríran bá sọ fún mi nìkan ni mo lè rí."

"Mo gbọ́," ni Mùlíkátù wí.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, àwọn méjèèjì jọ lọ sọ́dọ̀ Bísíríyù, tó ń rán aṣọ àga mọ́tò nítòsí Benson. Sàlísù ní òun fúnra òun ni yóò yan èyí tí òun fẹ́. Bísíríyù kọ́kọ́ fún un ní tapólì. Sàlísù fọwọ́ pa á, ó ní ó le jù, bí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ ẹ, yóò máa ha ọkọ̀. Ó tún fún un ní irú ọ̀rá àkọ́kọ́. Sàlísù dá a padà kó tó bọ́ sí i lọ́wọ́ tán. Nígbà tí ó kan ẹ̀kẹta, ó dúró. Òde aṣọ náà nípọn, omi kò lè tètè wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ jẹ́ òwú, ó rọ̀ bí aṣọ ọmọ tuntun. Ó gbé e lé ẹnu, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i. Atẹ́gùn náà kọjá díẹ̀.

"Èyí ń mí," ló wí.

"Ó ń mí, Bàbá," ni Bísíríyù fèsì. "Bí omi bá kù sábẹ́ rẹ̀, ooru oòrùn á fà á jáde. Ṣùgbọ́n ẹ má bò ó nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ṣì gbóná, ẹ má sì bò ó láì nu eruku kúrò. Eruku abẹ́ ìbora, bí iyanrìn tí èèyàn fi ń fọ ìkòkò ló rí."

Wọ́n tún ọkọ̀ kùn ní àwọ̀ aró. Bísíríyù wá wọn ọkọ̀ náà nílé, ó rán rọ́bà yí etí ìbora ká kó lè di abẹ́ mú, ó sì fi okùn méjì sí i tó gba abẹ́ ọkọ̀ kọjá nítorí ìjì. Sàlísù tún bẹ̀ ẹ́ pé kó fi sípù gígùn sí ibi ilẹ̀kùn méjèèjì iwájú. Bísíríyù béèrè ohun tó fẹ́ fi í ṣe.

"Mo fẹ́ máa jókòó nínú rẹ̀," ni Sàlísù wí.

Bẹ́ẹ̀ ni ó sì ń ṣe. Lẹ́yìn ìrun Alásàrí, tí oòrùn bá ti rọlẹ̀, a ṣí sípù, a wọlé, a jókòó sídìí sítíárìn. Abẹ́ ìbora dúdú, ṣùgbọ́n òkùnkùn ibẹ̀ kò mú nǹkan kan kúrò lójú Sàlísù. Mùlíkátù a wọlé láti ẹ̀gbẹ́ kejì, a gbé gúgúrú àti ẹ̀pà dání. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń sọ̀rọ̀ títí ìrun Mọ̀gàríbì fi máa tó. Mùlíkátù sọ̀rọ̀ Ejinrin fún un, ibi tí wọ́n ti bí i, bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń gbé e sínú ọkọ̀ ojú omi lọ́jọ́ ọjà, tí òun á máa sùn lórí àpò gàrí. Ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n ti fẹ́ ara wọn, Sàlísù kò gbọ́ ìyẹn rí. Ìgbà tó lójú, kò sí nílé.

Nínú ọkọ̀ náà ni Mùlíkátù ti sọ lọ́jọ́ kan pé òun fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń wa ọkọ̀. Sàlísù kọjú sí i.

"Ta ló máa kọ́ ẹ?"

"Adéòjó ní òun á kọ́ mi. Mo fẹ́ gbé yín lọ sí Ẹ̀pẹ́ lọ́dọ̀ Àǹtí Sèlíátù. Ẹ ti pẹ́ tí ẹ ti ń dárúkọ wọn."

Lọ́jọ́ Sátidé, Adéòjó a mú un yípo inú ẹ̀sítéètì, Sàlísù a jókòó sẹ́yìn. Mùlíkátù a máa tẹ bíréèkì lójijì, orí gbogbo wọn a mì síwájú. Adéòjó a rẹ́rìn-ín, òun náà a rẹ́rìn-ín. Sàlísù nìkan ni kì í rẹ́rìn-ín, ẹ́ńjìnnì ló ń tẹ́tí sí. "Gbé ẹsẹ̀ kúrò díẹ̀," ni yóò wí. "Má tẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń pa aáyán."

Nígbà tí ọyẹ́ fi dé, ó ti mọ̀ ọ́n wà dáadáa. Wọ́n ṣí ìbora, wọ́n ká a sínú búùtù, wọ́n mú ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ pọ̀n. Mùlíkátù ń sọ ọ̀nà fún un bí wọ́n ti ń lọ. "A ti dé Ìmọ̀ta. Wọ́n ti kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sí ibi tó jẹ́ igbó yẹn. Ìtóìkín nìyí, ọjà ti kún. Obìnrin kan gbé ọ̀pẹ̀ òyìnbó, ẹ ò bá rí bó ṣe tóbi." Sàlísù gbé ojú sí fèrèsé bí ẹni tó ń rí i. Sèlíátù, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, sunkún nígbà tó rí àwọn méjèèjì tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Ó se ẹja ọ̀sà fún wọn. Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀, Sàlísù ní kí Mùlíkátù yà sí Ejinrin, kó lè fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ ibi tí wọ́n bí i sí. Mùlíkátù ní ó ti rẹ òun, àwọn á yà nígbà mìíràn.

Láti ìgbà náà ni Sàlísù ti ń gbọ́ tí bàtà ìyàwó rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀, wọ́ọ́, wọ́ọ́. Ó béèrè ohun tó dé. Mùlíkátù ní bàtà náà ló ti gbó, ó ti tóbi mọ́ òun lẹ́sẹ̀. Sàlísù ní kó ra òmíràn. Ó ní òun á rà á.

Ọ̀sán ọjọ́ Ajé kan ni Sàlísù gbọ́ tí abọ́ bọ́ sílẹ̀ nílé ìdáná. Ó pè é, kò dáhùn. Ó fi ọwọ́ wá a kàn nílẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà, ó ń mí, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ti wọ́, ọ̀rọ̀ kò já gaara mọ́. Sàlísù ké sí Adéòjó tó wà nílé lọ́jọ́ náà. Adéòjó dúró níwájú ọkọ̀, Sàlísù dúró lẹ́yìn, wọ́n tú okùn, wọ́n fa ìbora bọ́ sílẹ̀, wọ́n gbé Mùlíkátù wọ inú rẹ̀. Nínú ọkọ̀, Sàlísù gbé orí ìyàwó rẹ̀ lé itan. Ó ń sọ ọ̀nà fún un. "A ti jáde ní géètì. A ti bọ́ sí títì. Ó kù díẹ̀." Ó ń sọ ohun tí òun fúnra rẹ̀ kò rí.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ló fà á tí nǹkan fi já nínú ọpọlọ. Oòrùn kò tíì wọ̀ tí dókítà fi wá bá wọn ní ìta. Lọ́jọ́ kejì ni wọ́n kírun sí i lára, wọ́n sì sin ín síbi ìsìnkú àwọn Mùsùlùmí n'Íkòròdú.

Munawwarah wá láti Ìlọrin, ó dúró ti bàbá rẹ̀. Lẹ́yìn àdúà ọjọ́ kẹjọ, ó ń kó aṣọ ìyá rẹ̀ jọ, ó ní, "Mo ti ń bẹ mọ́mì pé kí wọ́n lọ sí ọsibítù. Mo rí ẹsẹ̀ wọn nígbà tí wọ́n pè mí lórí fídíò. Ó ti wú bí ìrọ̀rí."

Sàlísù gbé orí sókè. "Ẹsẹ̀ wo?"

Munawwarah fi aṣọ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Ta ló tún mọ̀?"

Adéòjó wà níbẹ̀. Òun ló dáhùn. "Bàbá Múnà, gbogbo wa la rí i. Wọ́n ní ká má sọ fún yín. Wọ́n ní ìpayà yín ti tó."

Ohun tó wọ Sàlísù lákínyẹmí ara nìyẹn. Ọwọ́ rẹ̀ mọ gbogbo ara ọkọ̀ náà láti iwájú dé ẹ̀yìn. Bí ọ̀dà ṣe lé, òun ló rí i. Bí òwú ṣe rọ̀ nínú aṣọ, òun ló yàn án. Obìnrin tó sì ń jókòó tì í lójoojúmọ́ lábẹ́ ìbora kan náà, Sàlísù kò nawọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀ rí. Ó gbọ́ bàtà, ó sì gba ọ̀rọ̀ bàtà gbọ́.

Nígbà tí Munawwarah padà s'Ílọrin láti tọ́jú ilé rẹ̀, ọkọ̀ ti wà ní ìhòòhò láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e padà láti ọsibítù. Ewé fúrúùtù ti bo orí rẹ̀. Sàlísù jáde lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó fọ̀ ọ́ bó ṣe lè fọ̀ ọ́, ó nù ún, ó dúró kó gbẹ. Ó wá gbé ìbora. Ó fi iwájú há, ó lọ sẹ́yìn láti fà á, iwájú ṣí kúrò. Ó padà wá síwájú, ẹ̀yìn ká sókè. Ó tún un ṣe títí aṣọ náà fi di kókó lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyàwó Adéòjó, Bùnmi, rí i láti ojú fèrèsé, ó sáré jáde. Ó di ẹ̀yìn mú.

"Ẹ fà á sọ́dọ̀ yín díẹ̀, Bàbá," ni Bùnmi wí.

Sàlísù fi ìbora sílẹ̀, ó wọlé. Bùnmi nìkan ló bò ó parí, ó sì ro pé bóyá òun ti ṣe ohun tí kò dára.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí Sàlísù pe ọmọ rẹ̀, ó ní kó wá gbé ọkọ̀. Munawwarah àti ọkọ rẹ̀ wá. Sàlísù fi kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́, ó sọ fún un nípa ìbora: kó má bo ọkọ̀ tó gbóná, kó má bo ọkọ̀ tí omi ṣì wà lára rẹ̀, kó máa ṣí i kí afẹ́fẹ́ lè fẹ́ sí i. Munawwarah ní, "Mo gbọ́, Dádì." Wọ́n kọ́kọ́ gbé Sàlísù lọ sí Ẹ̀pẹ́, lọ́dọ̀ Sèlíátù, pẹ̀lú àpò aṣọ rẹ̀ méjì. Ní Ìtóìkín, Munawwarah béèrè bóyá kí àwọn ra nǹkan. Sàlísù ní rárá, kí wọ́n máa lọ.

Ẹ̀pẹ́ ló wà di òní. Afẹ́fẹ́ ọ̀sà ń fẹ́ sí i lára nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹnìkan nínú agboolé a mú un lọ sí mọ́sáláṣí, a mú un bọ̀. Munawwarah a pè, a ní mọ́tò wà dáadáa. Sàlísù a ní, "Àlùhàmúdù lílà," a sì béèrè àwọn ọmọ.

Láàárọ̀, kí Sèlíátù tó dá iná, Sàlísù a ní kó jókòó. A ní, "Àǹtí, ẹ na ẹsẹ̀ yín." Nígbà àkọ́kọ́, Sèlíátù rẹ́rìn-ín, ó ní kí ló fẹ́ fi ẹsẹ̀ arúgbó ṣe. Kò rẹ́rìn-ín mọ́ nísinsìnyí. A na ọ̀kan, a na èkejì, àbúrò rẹ̀ a fọwọ́ pa kókósẹ̀ rẹ̀ yíká, a tẹ̀ ẹ́ níhìn-ín, a tẹ̀ ẹ́ lọ́hùn-ún, a dákẹ́ bí ẹni tó ń gbọ́ nǹkan.

"Ó wú?" ni Sèlíátù a béèrè.

"Kò wú."

"Jẹ́ kí n lọ gbé omi kaná, Sàlísù."

Sàlísù a sì fi ẹsẹ̀ náà sílẹ̀.